Ẹ̀rọ Orin Tí Mo Rà Nítorí Olórí-Pupa

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Kò síṣẹ́ mọ́.

Kí n tò ó bó ṣe rí. Ọdún mẹ́rin ni èmi àti Olórí-Pupa fi gbé ẹgbẹ́ eré ìdárayá yẹn dìde – àwọn ìyá tí orúnkún ń dùn, àwọn tí rọpárọsẹ̀ fọwọ́ bà tó sì tún fi wọ́n sílẹ̀, àwọn tí dókítà ní kí wọ́n máa rìn tí wọn ò rìn. Yàrá ńlá òkè ilé ìtajà ọ̀dà. Òun ló ń sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń to orin. (Olórí-Pupa: irun tó ń fi aró pupa pa, tí kò sẹ́ni tó rántí àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ mọ́. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé mi. Kò tó o.) Wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, mo ń sinmi nílé. Ó wá kí mi. Ó gbé ọsàn wá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, ó ń bó o fún mi jẹ, ó ní kí n má kánjú rárá.

Lónìí mo gòkè, kọ́kọ́rọ́ mi ò ṣí ilẹ̀kùn. Ó ti pààrọ̀ àgádágodo. Pátákó tuntun lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ tirẹ̀ nìkan. Ó jáde bá mi lórí àtẹ̀gùn, ó fẹ̀yìn dí ọ̀nà. Ó ní òun ò mọ̀ pé ara mi máa tètè yá tó báyìí. Ó ní ẹ̀yìn mi ò lè gbé iṣẹ́ yìí mọ́, òun sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìyá, kí wọ́n má bàa máa retí mi.

Kí wọ́n má bàa máa retí mi.

Gbohùngbohùn tí a jọ rà, tó ń gbé orin jáde, ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Fóònù àtijọ́ tí gbogbo orin wa wà nínú rẹ̀ náà wà níbẹ̀ – orin tí mo fi etí ara mi ṣà, èyí tó ń rọra lọ fún ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó ń sáré fún àárín, èyí tó ń tu ni lára fún ìparí. Mo béèrè fóònù. Ó ní ó ti bàjẹ́. Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, orin mi ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ọ̀gá Sùúrù – ọkọ mi; oògùn kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo àìsàn – ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ Ọlọ́run, màá bá a ṣe díẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo gba yàrá ìsàlẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìtajà ọ̀dà, abẹ́ yàrá Olórí-Pupa gan-an. Onílé ní ó ń rùn díẹ̀. Ó ń rùn gidi – ọ̀dà àti eku. Pákó ni òkè àjà, tí wọ́n bá ti ń fò lókè, ekuru á máa rọ̀ sí mi lórí. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń gbọ́ bó ṣe ń kà á fún wọn: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó fi orin ìparí sí àárín. Kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lò. Olè tí kò mọ iyì ohun tó jí.

Màá ra ẹ̀rọ orin tèmi. Kì í ṣe fóònù – fóònù á máa dún láàárín eré, ará ilé á pè pé iyọ̀ ti tán. Ẹ̀rọ kékeré tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju orin lọ. Màá to orin tuntun sí i, èyí tó dáa ju ti àtijọ́. Àwọn ìyá á sì máa padà sọ́dọ̀ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Olórí-Pupa á máa wò wọ́n láti ojú fèrèsé òkè. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Kó máa wò.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sí iwájú orí, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bó ti wù kó rí. Onígíláàsì. Ó to mẹ́ta síwájú mi.

Èkíní ò ju páálí ìṣáná lọ, ó ní ìkọ́ tí a fi ń há a mọ́ aṣọ. Kò lójú. Ó ní, Màmá, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́, èyí tó bá wù ú láá kọ. Mo ní mo ti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ rí, mi ò fẹ́ òmíràn.

Èkejì ń dán yinrin, ojú rẹ̀ la ń fi ìka tẹ̀. Ó rẹwà, irọ́ ò sí. Ṣùgbọ́n ìka mi ń làágùn díẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Ẹ̀rọ tí yóò ní kí n kọ́kọ́ nuwọ́ kó tó jẹ́ mi, ìyàwó ọba ni, kì í ṣe ohun iṣẹ́. Mo dá a padà.

Ẹ̀kẹta dúdú, ó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́. Bọ́tìnnì gidi ló ní, tí wọ́n ga sókè. Onígíláàsì ní kí n kì í bọ àpò kí n má wò ó. Àtàǹpàkò mi rí gbogbo wọn. Bátìrì rẹ̀ kì í tètè kú. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́, bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì: ó ní bùlútúùtù, kò nílò okùn, ó lè bá gbohùngbohùn èyíkéyìí tó bá wà nítòsí sọ̀rọ̀, kódà tí ògiri bá wà láàárín.

Mo ní, pákó ńkọ́?

Ó ní pákó ò tó nǹkan sí i.

Mo ní, tó bá jẹ́ pákó òkè àjà ńkọ́, kí n wà nísàlẹ̀, kí gbohùngbohùn wà lókè?

Ó sọ gíláàsì kalẹ̀ wàyí, ó wò mí. Ó ní yóò ṣiṣẹ́.

Mi ò rà á. Mo ní màá lọ rò ó. Mo sì rò ó – gbogbo ọ̀nà, mo ń rò ó, mo ń rẹ́rìn-ín, obìnrin kan dìde fún mi nínú ọkọ̀ kó má bàa jókòó tì mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Gbohùngbohùn wa yẹn. Ohun méjì ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a jọ wà, fóònù àtijọ́ yẹn àti tèmi la jọ máa ń so mọ́ ọn. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ orin kẹ́yìn ló máa gbọ́, á pa èkejì lẹ́nu mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ àfi àwa méjèèjì. Òun kò sì ní rántí. Kì í rántí ohun tí kò bá ti kan òun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Kí n tó pinnu, mo ya ìsọ̀ méjì mìíràn. Ọ̀kan fẹ́ ta àlòkù fún mi, orin ẹlòmíràn ṣì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Èkejì ní ẹ̀rọ tó ń tan iná aláràbarà tí orin bá ń lọ. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá a lè pa iná yẹn. Ó ní iná yẹn gan-an làwọn èèyàn ń rà. Mo ní èmi fẹ́ èyí tó lè fara pamọ́.

Mo padà sọ́dọ̀ Onígíláàsì. Èyí dúdú. Ó ní, Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ bi mí nípa òkè àjà láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà. Ó dì í fún mi, kò bi mí ní nǹkan mìíràn.

Ọ̀gá Sùúrù bá mi níbi tí mo ti ń to orin sí i, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, o ò rí i, o ti gbọ́kàn kúrò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo gòkè nígbà tí Olórí-Pupa ò sí níbẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Mo ní mo wá wo ẹní ìdárayá tí mo gbàgbé. Ó ní ẹ wọlé, Màmá, a ti ń wá yín. Kò mọ nǹkan kan, kí Ọlọ́run bù kún un. Mo tẹ bọ́tìnnì gbohùngbohùn, mo tẹ tèmi nínú àpò. *Tín.* Wọ́n ti mọ ara wọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Inú mi dùn lónìí ju ọjọ́ tí wọ́n yọ okùn iṣẹ́ abẹ lọ.

Wọ́n wà láàárín eré lókè, wọ́n ń fò, ekuru ń rọ̀. Mo dúró sábẹ́ wọn, ọwọ́ nínú àpò. Mo fi orin ìrẹmọ ránṣẹ́. Ìfò dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ ẹ̀rín. Mo dá a dúró, orin Olórí-Pupa padà, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ yìí ni, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Mo jẹ́ kó wọ̀ wọ́n lára. Orin ìrẹmọ. Ìyá kan ké sókè pé, ṣé ká sùn ni àbí ká fò? Ẹ̀rín tún sọ. Mo gbọ́ ohùn Olórí-Pupa – ó ti ń há.

Mo jókòó sórí àpótí, mo fi ìbòrí mi dí ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí ojú iṣẹ́ abẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo lọ kí Àǹtí Àgbà. Àbúrò ìyá mi; òun ló tọ́ mi láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Orúnkún rẹ̀ ni a tìtorí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, òun ló kọ́kọ́ tẹ́ ẹní. Mo ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi nísàlẹ̀. Ó ní orúnkún ò jẹ́ kí òun jáde mọ́ rárá. Ó ní, ọ̀rọ̀ ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ yìí, má jẹ́ kó jẹ ọ́ tán o. Mo ní kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi. Ó ní òun gbọ́, kí n bá òun fi òróró pa orúnkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, lẹ́tà gàdàgbà: dókítà ilé ìwòsàn ń bọ̀ wá wò wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, gbogbo àwọn aláìsàn tirẹ̀, ọ̀dọ̀ Olórí-Pupa ni yóò máa darí wọn sí. Èmi ni mo kọ́kọ́ tọ dókítà yẹn lọ lọ́dún tó kọjá. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi débẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀.

Ó di ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọlọ́run mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo fẹ́ kọ ọ́ lánàá, mi ò lè kọ ọ́.

Dókítà dé. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Olórí-Pupa ń fi ohùn oyin sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa – mo gbà, ó ṣe é dáadáa. Mi ò fi orin ìrẹmọ ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀rín ò tó mi mọ́. Mo ní orin kan tó ń sáré bí ẹni tí agbọ́n ń lé, mo gbé ohùn rẹ̀ lọ sí góńgó. Mo dúró. Mo mọ ètò wa látorí, èmi ni mo tò ó: lẹ́yìn ìnara, ìdúró ẹsẹ̀ kan. Gbogbo wọn á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n á dákẹ́. Òkè dákẹ́ lóòótọ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

Kódà nísàlẹ̀, ó bà mí lẹ́rù. Lẹ́yìn náà, ohun kan wó lulẹ̀ lókè orí mi. Ẹnì kan ké, ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo mọ igbe náà. Kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo débẹ̀, Olórí-Pupa ti gbé e pọ̀n, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, irun rẹ̀ ti tú dà sójú. Ó pọn Àǹtí Àgbà dé inú ọkọ̀ dókítà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Èmi ń sáré lẹ́yìn wọn bí àlejò.

Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ló ṣẹ́. Wọ́n ti fi símẹ́ńtì dì í. Mo bi í pé kí ló gbé e dé òkè, pé ó ní orúnkún ò jẹ́ kí òun jáde. Ó ní òun ń lọ síbẹ̀ látọjọ́ yìí láti máa bá Olórí-Pupa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mi. Ó ní ó ti ń gbọ́. Ó kù díẹ̀.

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá. Ẹnu àgbàlagbà ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń dún nìyẹn tó bá balẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Wọ́n ti padà sọ́dọ̀ mi, gbogbo wọn pátá. Wọ́n kún yàrá ìsàlẹ̀ débi pé àwọn kan ń nara lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní Olórí-Pupa fẹ́ẹ̀ pa ìyá arúgbó. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún dókítà pé ẹ̀rọ òun ti ń ṣe ségesège, òun ò sì tún un ṣe. Wọ́n ní ẹni bíi tèmi ló yẹ kó di ẹgbẹ́ mú, ẹni tó mọṣẹ́. Ọ̀kan ní, ẹ ò rí bí Ọlọ́run ṣe jà fún yín.

Mo lo ẹ̀rọ dúdú náà fún wọn. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Òkè dákẹ́. Ekuru ò rọ̀ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyí. Mo tún un kọ kí n lè rí i: ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyí. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Olórí-Pupa sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn tí àwọn ìyá ti lọ. Ó gbé gbohùngbohùn dání, ó gbé e sílẹ̀ láàárín yàrá, ó jókòó sórí àpótí mi láìbéèrè.

Ó ní, ó máa ń gba ohun méjì. O rántí?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní jọ.

Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ orin ìrẹmọ. Òun rò pé fóònù ti gbó ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, bí Àǹtí ṣe ń ṣubú lọ, òun ti mọ̀. Ó ní ta ló tún mọ ìgbà tí wọ́n máa ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, bí kì í ṣe ẹni tó to ètò náà?

Mo bi í pé kí ló dé tó fi gbé e ru ara rẹ̀, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé yóò ní nítorí ọ̀rẹ́ wa àtijọ́, tàbí nítorí Àǹtí. Mo ti ń múra láti sunkún.

Ó ní, mo jẹ ọ́ ní gbèsè. Ohun tí mo ṣe sí ọ nígbà tí o wà lórí ibùsùn, kò ṣeé wí. Mo ti san án báyìí, mo sì san án lé. Yàrá, pátákó, àwọn ìyá, gbohùngbohùn nìyẹn, gba gbogbo ẹ̀. Ó kù tìrẹ. Máa fi ọwọ́ yẹn bọ́ Àǹtí, kí o máa wo símẹ́ńtì yẹn lójoojúmọ́, kí o sì máa jẹ́ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jáde. Mo mọ irú ẹ̀rín yẹn. Mo ti rín in lórí àpótí kan náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo gbé oúnjẹ lọ fún Àǹtí Àgbà láàárọ̀. Mo bù ú sí i lẹ́nu. Ó ní, o ṣeun, ọmọ mi, Ọlọ́run á rí ẹni tọ́jú ìwọ náà. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀, ojú mi ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo lọ ṣà ní ìsọ̀, bí mo ṣe béèrè nípa òkè àjà, bí mo ṣe dúró de ìdúró ẹsẹ̀ kan. Mo ní mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.

Oúnjẹ ti tutù kí n tó sọ ọ́ tán.

Ó ní, tí kì í bá ṣe èmi ni mo wà níbẹ̀ ńkọ́? Ìyá ẹlòmíràn ńkọ́?

Mo mú ṣíbí nílẹ̀, mo ń fi ìbòrí mi nù ún.

Ó ní, súnmọ́ mi. Mo súnmọ́ ọn. Ó ní òun ì bá fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe é, bó ti yẹ kí ìyá ṣe é fọ́mọ, ṣùgbọ́n mo ti rí sí ìyẹn. Ó sì fi ọwọ́ òsì gbá mi létí. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mí. Etí mi ṣì ń hó.

Ó ní kí n dìde kí n lọ gbé oúnjẹ náà gbóná. Ó ní tí mo bá ti gbé e sórí iná, kí n pe Olórí-Pupa wá fún òun, ó ti pẹ́ tí tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ níbí, òun kàn ń fi sùúrù gbé e ni.

Mo pè é. Ó bi mí kí ni Àǹtí fẹ́. Mo ní kó wá gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Ó ní òun ń bọ̀.